Ọkọ̀ wo ló yẹ ẹni tó ti mọ abẹ́ òkun dáadáa?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́ta, ó ti pẹ́ tá a ti ń mòòkùn, a ti wọ omi tútù, a ti wọnú ọkọ̀ tó rì, omi tó ń ṣàn ò bà wá lẹ́rù mọ́. Ọkọ̀ tá a gbà kẹ́yìn, wọ́n ní ti àwọn tó mọṣẹ́ ni, àfi bá a ṣe débẹ̀ tí wọ́n kó wa mọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba káàdì ìmòòkùn, mítà 12 la wà tá a ń dúró dè wọ́n, tí afẹ́fẹ́ ẹnì kan bá sì ti ń tán gbogbo wa á gòkè. Báwo la ṣe máa mọ ọkọ̀ gidi ká tó sanwó? Èmi àbúrò yín.

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, ẹ pẹ̀lẹ́ o, ó dùn mí gan-an. Ẹ má wo ohun tí wọ́n kọ síta rárá. "Advanced" tí wọ́n máa ń kọ yẹn, káàdì lásán ni. Lọ́dọ̀ PADI, ìyẹn àjọ kan tó ń kọ́ni ní ìmòòkùn, ẹni tó mòòkùn ẹ̀ẹ̀mẹrin gba káàdì àkọ́kọ́, tó wá fi márùn-ún kún un, ó ti di Advanced nìyẹn, ó ti lè dé mítà 30. Mẹ́sàn-án péré!

Ìbéèrè tí àwọn ọlọ́kọ̀ bá bi yín ni kẹ́ ẹ fetí sí. Ọkọ̀ tó bá jẹ́ ti àwọn tó mọ̀ ọ́n, ẹ ò ní tíì sanwó tí wọ́n á ti máa wádìí yín: ìgbà wo lẹ wọ omi kẹ́yìn, irú omi wo, ṣé ẹ lè rán SMB (rọ́bà aláfẹ́fẹ́ tó ń fi ibi tẹ́ ẹ wà han ọlọ́kọ̀) sókè láti ìsàlẹ̀, ẹ fi logbook yín, ìwé tẹ́ ẹ ń kọ ìmòòkùn yín sí, ránṣẹ́. Àwọn míì á ní ẹni tí ò bá tíì mòòkùn tó ìgbà 50, tàbí 100 pàápàá, kó má wá. Ó máa ń bí àwọn èèyàn nínú, àmọ́ lójú tèmi ìwádìí yẹn gan-an lẹ ń sanwó fún, torí bí wọ́n ṣe bi yín náà ni wọ́n ṣe bi ẹni tó máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín nísàlẹ̀. Èyí tó bá ní "ẹ ṣáà máa bọ̀, kò sí wàhálà", ẹ fi sílẹ̀.

Ẹ̀yin náà kẹ́ ẹ wá bi wọ́n. Kì í ṣe pé ṣé ibẹ̀ jìn o, torí mítà 40 náà ni òpin fún ẹni tó ń mòòkùn fún ìgbádùn, ibi yòówù kó lọ. Ẹ bi wọ́n pé ṣé dandan ni ká tẹ̀ lé gáìdì, àbí èmi àti ẹnì kejì mi lè lọ ní tiwa? Tí afẹ́fẹ́ inú sìlíńdà ẹnì kan bá ku 50 bar, tó ti ń tán lọ nìyẹn, ṣé òun àti ẹnì kejì ẹ̀ nìkan ló máa gòkè àbí gbogbo wa? Èyí tẹ́ ẹ sọ yẹn, ibí ló ti bẹ̀rẹ̀. Tí wọ́n bá ń fi ọ̀rọ̀ lọ́ra tí wọn ò dáhùn tààrà, ẹ ti gbọ́ ìdáhùn nìyẹn.

Tí ibẹ̀ bá ní ìṣàn, ẹ ní kí wọ́n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń wọ omi. Àwọn tó mọ̀ ọ́n kì í so ọkọ̀ mọ́lẹ̀, ẹ́ńjìnnì á wà lórí iná, ọ̀gá ọkọ̀ á gbé yín lọ sí òkè ìṣàn, ẹ ti jókòó létí ọkọ̀, ẹ ti tú gbogbo afẹ́fẹ́ inú BCD yín (ẹ̀wù aláfẹ́fẹ́ tó ń gbéni léfòó) dànù, wọ́n ka mẹ́ta, gbogbo yín já sómi lẹ́ẹ̀kan náà, kò sẹ́ni tó dúró lójú omi, ó di bíi mítà 5 nísàlẹ̀ kẹ́ ẹ tó wojú ara yín. Ẹni tó bá dúró tún máàsìkì ẹ̀ ṣe lókè, omi á ti gbé e kọjá ibi tẹ́ ẹ wá wò. Negative entry ni wọ́n ń pè é, tẹ́ ẹ bá dárúkọ ẹ̀ tí wọ́n ń wò yín, ọkọ̀ yín kọ́ nìyẹn.

Tó bá jẹ́ nitrox, ìyẹn afẹ́fẹ́ tí wọ́n fi ọ́síjìn kún, ẹ̀yin fúnra yín ni kẹ́ ẹ wọn ohun tó wà nínú sìlíńdà yín, torí èyí tí ọ́síjìn ẹ̀ jẹ́ 32% ò gbọdọ̀ kọjá nǹkan bíi mítà 33.

Ọ̀rọ̀ ọ́síjìn ńkọ́? Gbogbo wọn ló máa ń sọ pé "a ní". Mélòó? Sìlíńdà kékeré tó gba bíi lítà 680, tí wọ́n bá ń tú u ní lítà 15 ní ìṣẹ́jú kan fún ẹni tí bends mú (àìsàn tó lè mú ẹni tó bá yára gòkè jù), ìṣẹ́jú 45 ló ti tán. Tí etíkun bá jìnnà tó wákàtí mẹ́ta, mẹ́rin lẹ nílò, ẹnì kan ṣoṣo nìyẹn o. Ẹ wá wo Cocos Island ti Costa Rica, bíi kìlómítà 550 ló fi jìnnà sí etíkun, nǹkan bíi wákàtí 30 sí 36 lórí omi. Tẹ́ ẹ bá ń lọ irú ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ bí wọ́n ṣe ṣètò ọ́síjìn gan-an, ta ló sì mọ̀ ọ́n lò nínú wọn.

Ohun méjì tí mi ò lè fojú fò. Ní January 1998, ọkọ̀ kan gbàgbé tọkọtaya ará Amẹ́ríkà kan sínú òkun ní Great Barrier Reef ní Ọsirélíà, iye tí wọ́n kà ò tọ̀nà, ó tó ọjọ́ méjì kí wọ́n tó fura, wọn ò rí wọn mọ́. Torí náà kí wọ́n má ka orí, orúkọ ni kí wọ́n pè, kẹ́ni tí wọ́n pè dáhùn fúnra ẹ̀, kẹ́lòmíì má bá a dáhùn. Ìkejì, tẹ́ ẹ bá máa sùn sínú ọkọ̀, ta ló máa wà lójúfò? Ọkọ̀ òmòòkùn kan tó ń jẹ́ Conception jóná létí erékùṣù Santa Cruz ní California ní 2 September 2019, èèyàn 34 tó wà ní yàrá ìsàlẹ̀ ló kú, àwọn tó ṣèwádìí sì sọ pé kò sẹ́ni tó ń rìn yíká ṣọ́ ọkọ̀ lóru. Ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti ń ṣáájì bátìrì, kẹ́ ẹ sì fi ẹsẹ̀ ara yín rin ọ̀nà àbájáde kejì ní alẹ́ àkọ́kọ́.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ọkọ mi ti ń mòòkùn tipẹ́, èmi ṣẹ̀ṣẹ̀ gba káàdì ni. Ó ní òun á máa fà mí lọ́wọ́ tá a bá jọ gba ọkọ̀ àwọn àgbà. Ṣé kí n lọ?

ÌDÁHÙN: Ẹ má lọ, ìyàwó wa. Mítà 18 ni káàdì yín mọ, tí omi bá sì le, èèyàn méjì ló máa wà nínú ewu. Ọkọ̀ tó máa ń pín èèyàn sọ́nà méjì wà, ẹ wá irú ẹ̀, kí ọkọ yín bá àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ láàárọ̀, kẹ́ ẹ̀yin ní gáìdì tiyín, kẹ́ ẹ wá jọ wọ èyí tó rọrùn lọ́sàn-án. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ gáìdì yẹn sílẹ̀ fún yín kẹ́ ẹ tó san àsansílẹ̀.