Èsì: Ọmọ tó ń jiyàn pé pẹ́ńsì 2 ju pẹ́ńsì 5 lọ

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Títóbi ni ọmọ yín fi ń díwọ̀n owó, bẹ́ẹ̀ owó ẹyọ Ìlú Ọba kò tẹ̀ lé títóbi rárá: pẹ́ńsì 5 kéré sí pẹ́ńsì 2 lójú, pẹ́ńsì 20 náà sì kéré sí pẹ́ńsì 10. Ẹ to pẹ́ńsì 1 márùn-ún sẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ́ńsì 5 kan, kí ẹ jọ máa ṣe pàṣípààrọ̀ wọn bí ẹni ń tajà, títí yóò fi gbà pé ẹyọ kékeré kan lè tó márùn-ún.

Ẹ wá owó ẹyọ tó ní orí Ọba Charles, nítorí òǹkà gàdàgbà wà lẹ́yìn rẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ṣe láti 2008 títí di ìgbà tí ti Ọba Charles fi dé, ọ̀rọ̀ nìkan ni wọ́n fi kọ iye owó náà, ìyẹn kò sì wúlò fún ọmọ tí kò tíì mọ̀wé kà. Ní ti 20 àti 50, ẹ jẹ́ kó fọwọ́ pa etí wọn kó sì ka igun méje.

Ẹ má tíì da oríṣiríṣi pọ̀ fún un, àfi bó bá ti lè ka márùn-ún márùn-ún àti mẹ́wàá mẹ́wàá dé ọgọ́rùn-ún. Nígbà náà, kó máa bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tí iye rẹ̀ pọ̀ jù.