Ajá ni àbí ológbò? Ìdáhùn dókítà ẹranko fún oníbéèrè kan ní Ọbáńtókò

ÌBÉÈRÈ: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Abẹ́òkúta níbí là ń gbé, ní Ọbáńtókò, yàrá méjì nínú ilé tí ayálégbé mẹ́rin ti jọ ń lo ìloro kan. Ìrẹsì àti ẹ̀wà ni mò ń tà ní Kútọ́. Bí mo bá ti jáde láàárọ̀, ó di alẹ́. Àwọn ọmọ mi méjèèjì ní ajá làwọn fẹ́. Èmi ń wo ti ológbò, torí èkúté ti fẹ́ lé wa jáde. Ìyá ọkọ mi ní ológbò ò gbọdọ̀ wọ ilé ọmọ òun, pé ẹran àjẹ́ ni. Àbúrò mi tó lóyún sì wà lọ́dọ̀ wa. Èwo ni kí n mú?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ọrọ̀ ajé o, Mọ́mì. Kí n má fi ọ̀rọ̀ falẹ̀: ológbò ni kí ẹ mú. Kì í ṣe pé mo kórìíra ajá. Ajá wà nílé mi, ó sì ti jẹ bàtà mi tó pọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń bi ẹni tó bá fẹ́ sin ẹran ni pé, ta ló máa wà nílé? Ẹ̀yìn ìyẹn ni gbogbo ìyókù ń tò sí.

Ajá kì í fẹ́ dá wà. Bí ẹ bá sáré lọ ra ìṣáná ní títì tí ẹ padà, á fò mọ́ yín bí ìgbà tí ẹ ti Mẹ́kà dé. Ológbò ńkọ́? Ẹ lọ sí Mẹ́kà gan-an kí ẹ padà, orí àga ni ẹ máa bá a; á la ojú kan wò yín, á tún un pa dé. Àwọn kan ń pe ìyẹn ní ìgbéraga. Lójú tèmi, ohun tó bá ilé ọlọ́jà mu nìyẹn, torí wákàtí 12 sí 16 ni ológbò ń fi sùn lójúmọ́, ìdájí àti ìrọ̀lẹ́ ló sì máa ń ta jí jù, ìgbà tí ẹ̀yin náà wà nílé. Ajá tí ẹ bá so mọ́ ìloro láti àárọ̀ di alẹ́ á máa gbó, á máa jẹ ìlẹ̀kùn. Kí oṣù tó parí, àwọn ayálégbé yòókù á ti lọ fẹjọ́ yín sun onílé. Bí ẹ bá sì tú u sílẹ̀, á bọ́ sí títì. Àwọn àgbà ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ, àmọ́ kò sí ọdẹ tó ń fun fèrè ní Ọbáńtókò. Géètì tí wọn ò tì ló ń sọ ajá nù níbẹ̀, ọ̀kadà ló sì ń ṣẹ́ ẹ lẹ́sẹ̀ kí wọ́n tó gbé e wá bá wa.

Ní ti oúnjẹ, ajá ló rọrùn. Láfún, ẹ̀bà, ìrẹsì tó ṣẹ́kù, tí ẹ bá ti fi ẹja tàbí ẹran díẹ̀ sí i, á jẹ ẹ́, á tún lá abọ́. Kìkì pé ẹ má da ọbẹ̀ alálùbọ́sà lé e lórí, torí àlùbọ́sà ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá àti ti ológbò jẹ́. Ẹ má sì fún un ní egungun adìẹ tó ti jinná. Ṣónṣó-ṣónṣó ló ń fọ́, ó sì lè gún un nífun. Ológbò ò ní gba láfún lọ́wọ́ yín, kì í sì í ṣe àkẹ́jù. Èròjà kan wà tí wọ́n ń pè ní taurine. Ara ológbò ò lè ṣe é tó, inú ẹran àti ẹja ló ti ń rí i. Bí kò bá rí i fún ìgbà pípẹ́, ojú rẹ̀ lè fọ́, ọkàn rẹ̀ á sì di aláìlera. Orí ẹja òkú Èkó tí ẹ bọ̀ láìfi ata, iyọ̀ tàbí àlùbọ́sà sí i, sáwá, ẹ̀dọ̀ adìẹ díẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kò ní kọ̀ ọ́. Ológbò tó ti dàgbà kì í sábà ju kílò 4 sí 5 lọ, nígbà tí ajá ìbílẹ̀ wa lè tó kílò 15. Ẹ fi wo ìyàtọ̀ inú ìkòkò.

Èkúté ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé, àbí? Ẹ má febi pa ológbò kó lè ṣọdẹ. Èyí tó yó náà ń pa èkúté. Èkúté ilé kéékèèké ló máa bá yín mú. Òkété tó ti tóbi tó òun fúnra rẹ̀, ẹ má retí pé kó kojú rẹ̀. Bó bá sì pa ọ̀kan, tó gbé òkú rẹ̀ wá síwájú bẹ́ẹ̀dì yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má nà án. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ di mú ni pé ọjọ́ tí ológbò bá wọlé, oògùn èkúté gbọ́dọ̀ jáde. Èkúté tó jẹ májèlé kì í sábà kú lójú ẹsẹ̀. Á máa ṣòjòjò kiri, òun ló sì rọrùn jù fún ológbò láti mú. Wọ́n á wá gbé ológbò wá fún wa pé ayé ló ṣe é, nígbà tó jẹ́ májèlé ilé olówó rẹ̀ ló jẹ.

Ní ti ìyá ọkọ yín, ojú ológbò tó ń tàn lóru wà lára ohun tó ń dẹ́rù bani. Awọ kan ló wà lẹ́yìn ẹyinjú rẹ̀ tó ń da ìmọ́lẹ̀ padà, kó lè ríran níbi tí ìmọ́lẹ̀ ò ti pọ̀. Ajá ní in. Ewúrẹ́ ní in. Màlúù náà ní in. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo ewúrẹ́ àdúgbò lálẹ́, kí ẹ sì rọra bi Màmá bóyá ká lé òun náà. Ẹ fi ọ̀wọ̀ béèrè o. Èmi ò fẹ́ dájà sílẹ̀ láàárín ìyá ọkọ àti ìyàwó. Bó bá jẹ́ dúdú ni wọn ò fẹ́, ẹ mú aláwọ̀ mìíràn.

Ọ̀rọ̀ aboyún ló yẹ ká fara balẹ̀ sí. Kòkòrò kan wà tó ń jẹ́ Toxoplasma, ó lè bá ìgbẹ́ ológbò jáde, ó sì lè ṣe ọmọ inú ní jàǹbá. Ọjọ́ 1 sí 5 ló ń gbà lẹ́yìn tí ìgbẹ́ bá jáde kó tó lè ran ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, ẹ wá abọ́ oníke fífẹ̀ kan, ẹ da iyanrìn sí i (ológbò fúnra rẹ̀ á wa ilẹ̀, á ṣe tán, á bò ó, ajá ò mọ irú ìtìjú bẹ́ẹ̀), kí ẹlòmíràn máa kó ìgbẹ́ náà dànù lójoojúmọ́. Kí àbúrò yín má fọwọ́ kàn án. Kò ní láti sá fún ológbò. Kó kúkú sá fún ẹran tí inú rẹ̀ ṣì pupa, torí kòkòrò kan náà wà níbẹ̀.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi kan ajá àti ológbò: nígbà tí wọ́n bá pé ọmọ oṣù mẹ́ta, kí ẹ sì máa tún un gbà lọ́dọọdún. Ajá ló ń kó àrùn yìí ran èèyàn jù, nǹkan bí 99 nínú 100, ṣùgbọ́n ológbò lè ní in. Bí ẹran bá bu èèyàn jẹ, ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn ni kí ẹ fi fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, lẹ́yìn náà ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má fi epo tàbí irun ajá dí i. Bí ara ológbò bá sì gbóná, ẹ má fún un ní paracetamol. Hóró kan ṣoṣo lè pa á.

Àwọn ọmọ tó fẹ́ ajá, ẹ fa iyanrìn àti omi mímu ológbò lé wọn lọ́wọ́. Bí wọ́n bá ṣe é fún ọdún kan láìjẹ́ pé ẹ pariwo, tí ẹ sì ti kó lọ sí ilé tó ní ọgbà tiyín, ẹ wá, a ó sọ̀rọ̀ ajá.

Ẹ má gba ọmọ ológbò tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ 8 lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Inú páálí tí ẹ dá ihò sí lára ni kí ẹ fi gbé e. Kí ẹ tó gbé e délé, ẹ yà ní ilé ìwòsàn ẹranko, ti FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Alábàtà, tàbí èyí tó sún mọ́ yín, kí wọ́n fún un ní oògùn aràn. Lẹ́yìn náà, ẹ tì í mọ́ yàrá kan fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, kó mọ̀ pé ibẹ̀ lòun ń gbé. Bí ẹ bá tú u sílẹ̀ lọ́jọ́ tó dé, ó lè sá lọ, ẹ ò sì ní rí i mọ́.