Kí ni "proof" tí ọ̀gá ní kí n gbé lọ fún oníbàárà?

Àbúrò wa obìnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ ìtẹ̀wé ní Ayétòrò, Ẹ̀pẹ́, ló béèrè. Ọ̀gá rẹ̀ ní kó gbé "proof" káàdì ìgbéyàwó lọ fún oníbàárà. Ẹ̀rí ni òun mọ ọ̀rọ̀ náà sí láti iléèwé, kò wá mọ ẹ̀rí tí káàdì ìgbéyàwó fẹ́ jẹ́. Ó tún fẹ́ mọ ìdí tí wọ́n fi ń pe ìwé gígùn nì ní "foolscap", àti ohun tí "drool" àti "drivel" jẹ́ nínú ìwé ìtàn tó ń kà sílẹ̀ de WAEC.

Àbúrò mi, o káre. Ẹ̀rí tí o mọ̀ ọ́n sí kò burú, ṣùgbọ́n ẹ̀rí kọ́ ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà. Inú èdè Látìn ni "proof" ti wá, lára "probare", ìyẹn ni kí a dán nǹkan wò. Ìdánwò ló ṣáájú. Ẹ̀rí ni ohun tó kù síni lọ́wọ́ nígbà tí a bá dán an wò tán. Di èyí mú dáadáa, ibikíbi tí o bá ti pàdé ọ̀rọ̀ yẹn, kò ní rú ọ lójú mọ́.

Níbi iṣẹ́ yín, ẹ̀dà àkọ́kọ́ tí ẹ tẹ̀ láti fi wá àṣìṣe ni "proof", kí ẹ tó tẹ igba tàbí ẹgbẹ̀rún. Ẹni tó ń kà á láti wá àṣìṣe náà ni "proofreader". Jọ̀ọ́, má fojú kékeré wo iṣẹ́ yìí, pàápàá bó bá jẹ́ Yorùbá ni ẹ ń tẹ̀. Wo "ọkọ ìyàwó" lórí káàdì. Bí àmì ohùn òkè bá bọ́ sórí rẹ̀, ó di ọkọ́ tí wọ́n fi ń ro oko. Bó bá jẹ́ àmì ìsàlẹ̀, ó di ọkọ̀ tí wọ́n ń wọ̀. Orúkọ ènìyàn tún le ju ìyẹn lọ. Ìyá ìyàwó tí wọ́n ṣi orúkọ rẹ̀ kọ yóò rántí ilé ìtẹ̀wé yín títí tí ọmọ náà yóò fi bí àbíkẹ́yìn. Nítorí náà, tí o bá gbé "proof" dé ọ̀dọ̀ oníbàárà, má kàn nà án sí i kí o máa lọ. Jókòó tì í kó kà á sókè, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ọjọ́, aago, nọ́ńbà fóònù, kó wá fọwọ́ sí i. Ìgbà tó bá fọwọ́ sí i gan-an ni ìwé ìdánwò yẹn di ẹ̀rí, nítorí kò ní lè sọ lọ́la pé ẹ̀yin lẹ ṣi í kọ.

"Waterproof" náà kò yàtọ̀: ohun tí a ti fi omi dán wò tí omi kò ráyè wọ̀ ọ́. "Bulletproof" ni èyí tí ọta ìbọn kò lu. Àwọn alágbẹ̀dẹ ìbọn ní ìlú Òyìnbó máa ń ki ẹ̀tù tó ju ti ojoojúmọ́ lọ sínú ìbọn tuntun, wọn a yìn ín. Bí kò bá bẹ́, wọn a lu òǹtẹ̀ sí i lára. Òfin dá irú ilé ìdánwò bẹ́ẹ̀ kan sílẹ̀ ní Birmingham ní 1813, "Proof House" sì ni wọ́n ń pè é. Àwọn bàbá wa mọ irú èrò yìí. Wọ́n ní ayẹta fún ọta, wọ́n ní òkígbẹ́ fún àdá, kò sì sí ológun tí yóò fẹ́ kó jẹ́ pé ojú ogun ni òun yóò ti kọ́kọ́ dán tirẹ̀ wò. Kódà àwọn tó ń ṣe búrẹ́dì ń sọ pé àwọn fi ìyẹ̀fun sí "proof". Wọ́n ń wò ó bóyá ìwúkàrà ṣì ń ṣiṣẹ́, bóyá yóò wú.

Ó yá, ọ̀rọ̀ ìwé. "Papyrus" ló bí "paper". Ewéko etí odò Náìlì ní Íjíbítì ni. Wọ́n máa ń gé inú rẹ̀ pẹ́lẹ́ńpẹ́lẹ́, wọn a tẹ́ apá kan ní òró, wọn a tẹ́ èkejì lé e ní ìbú, wọn a wá lù ú mọ́ra. Orúkọ rẹ̀ nìkan ló kù lára ìwé tiwa, nítorí ọ̀dọ̀ àwọn ará Ṣáínà ni iṣẹ́ ìwé tí a ń lò lónìí ti ṣẹ̀. Ní ọdún 105, Cai Lun, òṣìṣẹ́ ààfin, fi bí òun ṣe ń ṣe é han ọba. Èèpo igi, àkísà, àti àwọ̀n ẹja tó ti gbó ni wọ́n ń gún pọ̀. Ẹ̀yin ará Ẹ̀pẹ́, tí àwọ̀n kò ṣọ̀wọ́n lágbàlá yín, ìyẹn yẹ kó dùn mọ́ yín. Lọ́wọ́ Ṣáínà ló bọ́ sọ́wọ́ àwọn Lárúbáwá. "Rizma" ni wọ́n ń pe dìpọ̀ rẹ̀, ibẹ̀ ni "ream" ti wá, 500 ewé ìwé. Lárúbáwá yìí kan náà ló fún wa ní wàláà àti tàdáwà tí àwọn ọmọ ilé kéwú yín ń lò, ọwọ́ Hausa sì ni a ti gba tákàdá, tí àwọn àgbà ṣì ń pe ìwé.

Ní ti "foolscap", kò sẹ́ni tó ń bú akẹ́kọ̀ọ́. Àwọn tó ń ṣe ìwé láyé àtijọ́ máa ń fi àwòrán pamọ́ sínú rẹ̀, àfi kí o gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ kí o tó rí i. Fìlà aláwàdà ààfin, èyí tó ní ṣaworo, wà lára irú ìwé kan, orúkọ fìlà náà sì di orúkọ ìwọ̀n ìwé ọ̀hún. Ó gùn ju A4 lọ; gígùn A4 jẹ́ 297 mílímítà.

Bí o bá rí "papers", àwọn ìwé tó ń jẹ́rìí ni. Ẹ̀pẹ́ ní èyí tó lókìkí: ní September 28, 1854, Kòsọ́kọ́, ọba Èkó tẹ́lẹ̀, tó wà ní ìgbèkùn lọ́dọ̀ yín, fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú Benjamin Campbell, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, pé òun kò ní du Èkó mọ́.

"Drool" ni kí itọ́ máa dà lẹ́nu láìjẹ́ pé ènìyàn tu ú. Ọmọ tó ń hu eyín ń ṣe é, ẹni tó sùn lanu náà ń ṣe é. Àgbàlagbà tí tirẹ̀ bá ṣàdédé bẹ̀rẹ̀, tí ẹnu wọ́ sápá kan, tí apá kò ṣe é gbé, ẹ má jókòó ṣàlàyé ọ̀rọ̀: ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, àrùn rọpárọsẹ̀ lè ni. Òyìnbó tún ń lò ó fún ìfẹ́ ọkàn, pé ẹnìkan ń "drool" lórí oúnjẹ tàbí mọ́tò. Níbí ni kí o ti ṣọ́ra. Bí o bá kọ ọ́ ní Yorùbá pé itọ́ ń dà lẹ́nu ọkùnrin náà, àìsàn ni òǹkàwé yóò rò. Ẹni tí ebi ń pa tó dúró níwájú ẹja yíyan lọ́jà Olúwo, dídá itọ́ mì ló ń dá itọ́ mì. Ìyẹn ni kí o kọ. Kí o sì wo àmì ohùn rẹ dáadáa, kí itọ́ má baà di ìtọ̀.

"Drivel" ló dàgbà jù, lára rẹ̀ ni wọ́n gbà pé "drool" ti yọ. Kí itọ́ máa dà lẹ́nu ló jẹ́ níbẹ̀rẹ̀, kó tó di ọ̀rọ̀ tí kò lórí tí kò nídìí. Nínú ìwé tí ò ń kà, bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu ẹnìkan ni wọ́n pè ní "drivel", ìsọkúsọ ni kí o mú lọ sínú ìdánwò.