Ìyá Olóbì Béèrè: Ṣé Kí N Jókòó Sílé Ni?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Nọ́ọ̀sì. Ẹni ọdún 71 ni mí, Iléṣà ni mò ń gbé. Obì ni mò ń tà lọ́jà Atakúnmọ́sà, ẹsẹ̀ ni mo sì fi ń rìn lọ. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mẹ́ta ni dókítà fún mi: amlodipine, lisinopril àti èyí tó ń múni tọ̀. N kì í lo èyí tó ń múni tọ̀ lọ́jọ́ ọjà, torí ta ni yóò máa bá mi ṣọ́ igbá? Ọrùn ẹsẹ̀ mi máa ń wú nírọ̀lẹ́, orúnkún náà ń dùn mí. Ọmọkùnrin kan ní kẹ́míìsì ló ń bá mi po oògùn orúnkún sínú ọ̀rá, ó sì ń ṣiṣẹ́ gan-an. Àwọn ọmọ mi l'Ékòó ní rírìn ló ń wú mi lẹ́sẹ̀, kí n jókòó sílé. Ṣé òótọ́ ni? (Ìyá Olóbì)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ọrọ̀ ajé o, Màmá. Ẹ má jókòó sílé.

Ọ̀rá yẹn ló bà mí lẹ́rù jù. Kí n tó fẹ̀yìn tì, ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo ti tú irú rẹ̀ sórí tábìlì: pupa kan, funfun méjì, kò sí orúkọ lára ìkankan. Diclofenac tàbí ibuprofen, oògùn ìrora, ló sábà máa ń wà níbẹ̀, nígbà mìíràn prednisolone, oògùn sítẹ́rọ́ìdì. Àwọn méjì àkọ́kọ́ máa ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè, wọn kì í jẹ́ kí oògùn dókítà ráyè ṣiṣẹ́. Tí wọ́n bá tún pàdé lisinopril àti oògùn ìtọ̀ lára àgbàlagbà, kíndìnrín ni wọ́n máa ń bà jẹ́. Prednisolone ní tiẹ̀ máa ń mú ara yá bí ara ọmọge, kó tó gbé ṣúgà sókè. Tó bá ti pẹ́ téèyàn ti ń lò ó, wọn kì í sì í já a lójijì. Nítorí náà, ẹ gbé ọ̀rá náà lọ bá dókítà lọ́sẹ̀ yìí, kó fojú ara rẹ̀ rí i.

Ẹsẹ̀ wíwú? Amlodipine máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ èèyàn, ọ̀rá yẹn náà sì lè fa omi dúró sára. Rírìn kọ́. Àmọ́ bí èémí bá ń há yín, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Ní ti oògùn ìtọ̀, ẹ bi dókítà bóyá ẹ lè máa lò ó lọ́sàn-án tí ẹ bá ti ọjà dé. Kó má di alẹ́ o: inú òkùnkùn, lójú ọ̀nà ilé ìtọ̀, ni ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ti ń ṣubú. Bí ẹ bá sì jí, ẹ kọ́kọ́ jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì díẹ̀ kí ẹ tó dìde, torí òòyì.

Ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà fi ṣe ohun tó ń mú ara gbóná, ó kéré tán. Ọ̀nà ọjà yín ti kó púpọ̀ nínú rẹ̀. Iléṣà ni gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ pọ̀ sí, sísọ̀kalẹ̀ sì máa ń dun orúnkún ju gígun òkè lọ. Ẹ rin ibi tó tẹ́jú, kí ẹ wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá níbi tó dà gẹ̀rẹ́. Nílé, ẹ jókòó sórí àga tó le, kí ẹ máa dìde láìfọwọ́ tì í, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá láàárọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá nírọ̀lẹ́. Iṣan itan ló ń gbé orúnkún dúró, ìjókòó tí àwọn ọmọ yín ń wí yẹn gan-an ló sì ń sọ ọ́ di ọ̀lẹ.

Tí wọ́n bá fẹ́ ṣe yín lóore, kí wọ́n ra ẹ̀rọ ìwọn ẹ̀jẹ̀ ríru ránṣẹ́ sí yín, èyí tí wọ́n ń wé mọ́ apá. Ẹ máa wọ̀n ọ́n láàárọ̀ kí ẹ tó lo oògùn. Àwa Ìjẹ̀ṣà kì í ṣaláìní ìwé gbèsè nílé. Ẹ ya ojú ewé kan sọ́tọ̀ nínú tiyín, kí ẹ kọ ọ́ síbẹ̀, kí ẹ sì mú un dání lọ sí ilé ìwòsàn Wesley.