Ta ni ó yẹ kí ó díye lé ìgbé-ayé aláìsàn jẹjẹrẹ?

Ẹ kú ìtọ́jú màmá, ẹ̀yin arákùnrin wa tí ẹ béèrè pé kí ló dé tí wọ́n ń fún màmá yín ní fọ́ọ̀mù EQ-5D, tí ó ń béèrè bí ara ènìyàn ṣe rí, nílé ìwòsàn, nígbà tí ó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ẹnu ará ìlú lásán ni wọ́n fi ń díye lé ohun tí wọ́n bá kọ síbẹ̀. Èmi náà kọ ọ̀rọ̀ sínú fọ́ọ̀mù yẹn ní London nígbà tí mo ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ ọmú, inú sì bí mi gidigidi nígbà tí mo gbọ́ ohun tí ẹ gbọ́ yìí.

Òótọ́ ni. Ohun márùn-ún ni wọ́n ń béèrè: rírìn, wíwẹ̀ àti wíwọṣọ fúnra ẹni, iṣẹ́ òòjọ́, ìrora, àti àníyàn tàbí ìrẹ̀wẹ̀sì, bí gbogbo rẹ̀ ṣe rí lónìí. Iye tí àjọ NICE ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó ń yẹ oògùn wò bóyá ó tó ohun tí owó ìlú lè rà, lò fún ọ̀pọ̀ ọdún wá láti ẹnu nǹkan bí 3,000 ará ìlú tí wọ́n fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò ní 1993. Wọ́n ní kí wọ́n gbà pé àwọn wà nínú àìlera báyìí báyìí fún ọdún 10, kí wọ́n wá sọ iye ọdún tí wọ́n lè yọ̀ǹda nínú rẹ̀ kí ara wọn lè le pérépéré nínú ìyókù. Ìlera pípé gba 1, ikú gba 0, ipò tí ó burú jù sì wà nísàlẹ̀ 0, ìyẹn ni pé lójú àwọn tí wọ́n bi, ikú yá jù ú lọ.

Mo bi àbúrò mi obìnrin ní ìbéèrè yìí kan náà. Irun dídì ni iṣẹ́ mi, paclitaxel, oògùn kẹ́mò tí wọ́n fi ń wo jẹjẹrẹ, sì ti pa ìka mi débi pé n kò mọ̀ mọ́ bóyá irun wà lọ́wọ́ mi tàbí kò sí. Ó ní bí ó bá jẹ́ òun ni, òun yóò yọ̀ǹda ọdún 5. Èmi kò jẹ́ yọ̀ǹda ọdún kan ṣoṣo nítorí ìka. Ó wá rí fọ́ọ̀mù mi, níbi tí mo ti fàmì sí "ìṣòro díẹ̀" lábẹ́ iṣẹ́ òòjọ́, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, irun tí ẹ kò lè dì mọ́ yìí ni ẹ pè ní díẹ̀?" N kò mọ ìgbà tí mo yọ irun dídì kúrò nínú ohun tí mo ń pè ní iṣẹ́, ìrẹsì sísè àti mímú ọmọ lọ sílé ìwé ni mo ń kà sí i nígbà náà. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ tí mo fi ń retí èsì síkáànì, tí àbúrò mi kò tilẹ̀ mẹ́nu bà, òun ni ǹ bá fi ọdún rọ́pò.

Ìbínú mi rọ̀ díẹ̀ nígbà tí mo ro ọ̀rọ̀ náà síwájú. Bí àwa tí àìsàn ti mọ́ lára bá ń sọ pé ayé wa fẹ́rẹ̀ẹ́ pé, oògùn tí ó lè mú àìsàn náà kúrò yóò dà bí ẹni pé kò fi nǹkan púpọ̀ kún un. Ní Sweden, ọ̀rọ̀ ẹnu aláìsàn fúnra rẹ̀ ni àjọ tiwọn tí ó ń yẹ oògùn wò fẹ́ jù, síbẹ̀ n kò lè búra pé ìyẹn ni yóò ṣe wá lóore.

Ohun tí ó ń dùn mí ni àárẹ̀. Kò sí nínú EQ-5D rárá. Fọ́ọ̀mù mìíràn, QLQ-C30, ń béèrè bóyá ó rẹ ènìyàn láàárín ọ̀sẹ̀ kan, nítorí náà ẹ bi nọ́ọ̀sì bóyá wọ́n ń lò ó. Ẹ sọ fún un pẹ̀lú bí ó bá jẹ́ pé ọjọ́ tí ara màmá ti mókun dáadáa, kí wọ́n tó gba kẹ́mò mìíràn, ni wọ́n máa ń fún wọn ní EQ-5D, nítorí "lónìí" ni ó ń béèrè.

Ẹ mọ àwa Yorùbá: bí wọ́n bá ní "ṣé ara le?", "a dúpẹ́" ni, bí ìrora tilẹ̀ ń gún wa dé eegun. Nítorí náà ẹ má bá màmá dáhùn, ẹ má sì dúró tì wọ́n. Èmi ní láti rán ọmọ mi lọ ra omi nísàlẹ̀ kí n tó lè fàmì sí ibi tí ó yẹ lábẹ́ àníyàn.