Omi púùlù tó di àwọ̀ ewé lẹ́yìn klóríìnì

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Bí mo ṣe da klóríìnì púpọ̀ sí púùlù mi báyìí ni omi náà di àwọ̀ ewé, bẹ́ẹ̀ mo ṣì ń rí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kedere. Mo tún da òmíràn sí i. Àbàwọ́n dúdú ló ń yọ lára ògiri. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da klóríìnì sí i mọ́ ná. Tó bá jẹ́ algae (ewéko wínníwínní tó ń hù nínú omi) ni, omi á ṣú, ògiri á sì máa yọ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Omi tó láwọ̀ ewé ṣùgbọ́n tó mọ́ gaara, bàbà tó yòrò sínú rẹ̀ ló sábà máa ń fà á. Klóríìnì púpọ̀, pàápàá tí pH (òṣùwọ̀n bí omi ṣe kan tó; bó bá ṣe wálẹ̀ sí ni omi ń kan sí) bá bá a gòkè, ló ń lé bàbà náà jáde kúrò nínú omi tó fi ń lẹ̀ mọ́ ògiri.

Ẹ fi ohun èlò ìdánwò bàbà yẹ omi náà wò. Ohun tó dára ni kó má ju 0.2 mg/L (mílígíráàmù nínú lítà omi kan) lọ. Ẹ fi ásíìdì fa pH wálẹ̀ sí 7.2 kí àbàwọ́n má baà pọ̀ sí i, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ásíìdì àti klóríìnì fojú kan ara wọn nínú korobá kan náà: èéfín olóró ni wọ́n ń tú jáde.

Pípààrọ̀ omi la fọkàn tán jù. Tí bàbà bá jẹ́ 0.8, tí ẹ fa ìdajì omi dànù, tí ẹ sì fi omi tí kò ní bàbà rọ́pò rẹ̀, á ku 0.4, ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i, á di 0.2. Ẹ kọ́kọ́ dán omi tuntun náà wò, torí omi kànga pàápàá lè ní bàbà. Ẹ má fa púùlù gbẹ tán o! Omi abẹ́ ilẹ̀ lè tì í sókè, kó sì sán.

Oògùn tó ń di bàbà mú kì í yọ ọ́ kúrò, ó kàn ń dè é kó má lẹ̀ ni. Klóríìnì sì máa ń jẹ oògùn náà tán díẹ̀díẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi kún un lóòrèkóòrè. Àpò resin (ohun tó ń fa bàbà mọ́ra) tí wọ́n ń gbé sínú apẹ̀rẹ̀ skimmer (ihò ẹ̀gbẹ́ púùlù tó ń fa ìdọ̀tí ojú omi) ló ń yọ bàbà ní tòótọ́, ṣùgbọ́n kì í yá.

Ìbéèrè: Níbo ni bàbà ti ń wọlé?

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ wo oògùn algae yín, púpọ̀ nínú wọn ní bàbà. Lẹ́yìn náà, ẹ wo tábúlẹ́ẹ̀tì klóríìnì tí wọ́n ń jù sínú skimmer. Tí pọ́ọ̀ǹpù bá wà ní pípa, omi tó yí i ká á kan bí ásíìdì. Bí pọ́ọ̀ǹpù bá ṣe tàn, omi náà á gba inú páìpù bàbà ẹ̀rọ tó ń gbé omi gbóná kọjá, á sì máa jẹ ẹ́. Inú ike tó ń léfòó lójú omi ni kí tábúlẹ́ẹ̀tì máa gbé. Tí ẹ bá ti yanjú ọ̀rọ̀ bàbà náà, ẹ jẹ́ kí pH wà láàárín 7.4 sí 7.6.

Ìbéèrè: Ṣé klóríìnì ló sọ irun ọmọ mi di àwọ̀ ewé?

Ìdáhùn: Rárá, bàbà kan náà ni. Ó máa ń hàn jù lára irun tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀.