Èsì: Abúlé tó sùn ní Pakistan tó jí ní Íńdíà
Ẹ̀gbọ́n, ẹ bèèrè bóyá òótọ́ lọ̀rọ̀ abúlé tó sùn ní Pakistan tó jí ní Íńdíà. Òótọ́ ni o, Turtuk lorúkọ ẹ̀, ó wà létí odò Shyok ní Ladakh, agbègbè kan ní àríwá Íńdíà, láàárín àwọn òkè gogoro. Ogun tí Íńdíà àti Pakistan bára wọn jà ní December 1971 ló fà á, sójà Íńdíà gba ibẹ̀ wọn ò sì dá a padà mọ́, bẹ́ẹ̀ lẹni tó bá lọ ṣiṣẹ́ tàbí kàwé lápá Pakistan ò ṣe ráyè wálé mọ́, ọkọ lọ́tọ̀ ìyàwó lọ́tọ̀, ìyẹn gan-an ló ń dùn mí. Ẹ̀yà Balti làwọn ará abúlé náà, Mùsùlùmí ni wọ́n, àmọ́ èdè wọn bá ti Tibet tan. 2010 ni wọ́n tó gba àlejò láyè. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀ ní July, ẹ jẹ èso apricot wọn.